Ẹ Bi Àǹtí: Àlejò ọdún ń bọ̀, ilé wa sì rí wúruwùru

Ẹ kú ìmúra ọdún o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ débi pé mo rò pé gbogbo Èkó ló fẹ́ gba àlejò Kérésì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó jẹ́ pé ìlú wọn ni wọ́n máa ń lọ tẹ́lẹ̀ ti jókòó sílé, wọ́n ní owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù, kí ará ilé kúkú wá bá àwọn l'Ékòó. Mo mú díẹ̀ nínú ẹ̀. Tí tiyín ò bá sí níbẹ̀ ẹ má bínú, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn yín wà nínú ti ẹlòmíì.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Rúùmù àti pálọ̀ lèmi àti ọkọ mi ń gbé, a ò tíì pé ọdún kan tí a ṣègbéyàwó. Mọ́mì ọkọ mi àti àwọn àbúrò ọkọ mi obìnrin méjì ń bọ̀ láti Òṣogbo lọ́jọ́ kẹtàlélógún, wọ́n máa lo ọjọ́ mẹ́wàá. Kò sáyè rárá! Ẹ̀bùn ìgbéyàwó tí a ò tíì tú, kúlà mẹ́rin, Ghana-must-go tó kún fún aṣọ, gbogbo ẹ̀ ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ ra kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan sí pálọ̀ kí n kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀, kí Mọ́mì má baà sọ pé ọ̀bùn ni mí. Kí lẹ rí sí i?* — Ìyàwó Tuntun, Ṣómólú

Ìyàwó wa, mo bẹ̀ ẹ́, má ra kọ́bọ́ọ̀dù kankan. Kọ́bọ́ọ̀dù tó o bá gbé wọ pálọ̀ tí kò sáyè, àlejò kẹrin lo fi kún àwọn mẹ́ta tó ń bọ̀ yẹn, èyí ò sì ní padà sí Òṣogbo.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la máa ń fi pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ torí ibẹ̀ lojú, a ó gbá a, a ó nù ún, a ó kó gbogbo ẹrù ibẹ̀ dà sí yàrá, tó bá dọjọ́ kejì yàrá á kún, a ó tún máa kó o padà síbi tí a ti kó o wá, òógùn á bo èèyàn, ilé ò sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n tí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bá ti ṣófo, ẹrù pálọ̀ ti ríbi tó máa lọ nìyẹn. Mú Sátidé kan, fa gbogbo ẹ̀ síta, tẹ́ ẹní sílẹ̀, tú u. Kúlà mẹ́rin yẹn ni kọ́bọ́ọ̀dù ẹ: kó aṣọ tí ẹ ò wọ̀ lásìkò yìí sínú wọn, dé e, tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aáyán ò ní wọ̀ ọ́, omi ò ní wọ̀ ọ́, ó sàn ju Ghana-must-go lọ fíìfíì. (Àpò yẹn náà ṣá! Ní 1983 tí ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ, tó jẹ́ pé ará Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn, ohun tí wọ́n fi kó ẹrù kúrò nílùú nìyẹn, àwa wá sọ ọ́ di wọ́dúróòbù títí dòní.)

Ó wá kan souvenir. Mo mọ̀ pé ó wà nílé yín torí kò sílé tí kò sí l'Ékòó: abọ́ róbà tí wọ́n kọ orúkọ olóògbé sí lára, tírè tó ní fọ́tò ọlọ́jọ́ìbí, kọ́ọ̀pù mẹ́jọ tó jẹ́ pé ojú ẹlòmíì ló wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin márùn-ún lẹ máa wà nílé, abọ́ mẹ́wàá ti tó yín. Kó ìyókù fún ìyá oníbúkà àdúgbò yín, á ṣàdúrà fún ẹ.

Àmọ́ ibi tí wọ́n máa sùn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mọ́mì àti àwọn ọmọ wọn ló ni yàrá, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa bọ́ sí pálọ̀, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé kí wọ́n tó dé, sùn síbi tó o fẹ́ kí ìkọ̀ọ̀kan wọn sùn sí. Fómù tó o fẹ́ tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn àbúrò ọkọ ẹ, tẹ́ ẹ, sùn lé e lórí mọ́júmọ́, fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa fi wẹ̀ wẹ̀.

Ojú mi ti rí i ni mo fi ń sọ ọ́. Nígbà tí a ń gbé ní Sùrùlérè, bùọ̀dá ọkọ mi ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Mo kun pálọ̀, mo lọ sí Tẹ́júoṣó lọ ra kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun, mo tẹ́ fómù sí kọ̀rọ̀ tó dáa jù ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà. Ní nǹkan bí aago méjì òru, NEPA mú iná lọ, bátìrì ínfátà ti rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀: píìn… píìn… píìn. Àwa tí a wà ní yàrá tilẹ̀kùn, a ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, mo bá wọn níta lórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi, wọ́n ti fi tọ́wẹ̀lì wé orí bíi gèlè nítorí ẹ̀fọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ò sùn dáadáa ni sà?" Wọ́n ní, "Mo sùn o, ìyàwó. Ẹyẹ kan ló kàn wà nínú ilé yín." Mo wá ẹyẹ títí lọ́jọ́ yẹn! Alẹ́ ọjọ́ kejì tí iná tún lọ ni mo tó mọ ẹyẹ tí wọ́n ń sọ. Kọ́tìnì tí mo tìtorí ẹ̀ jẹ gbèsè, mi ò rò pé wọ́n tiẹ̀ rí i. Ká ní mo ti sùn ní pálọ̀ yẹn lálẹ́ kan ṣáájú ni, ǹ bá ti mọ̀.

Tó o bá ti fẹ́ sùn síbẹ̀, mú tọ́ọ̀ṣì dání, wo ojú ìránsò mátírẹ́ẹ̀sì (ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀) àti ihò pákó bẹ́ẹ̀dì. Tó o bá rí nǹkan dúdú tóótòòtó bíi pé èèyàn fi bírò tọ́ ọ, ìdun nìyẹn, má jẹ́ kí Mọ́mì gbé e lọ sí Òṣogbo. Ooru ni ìdun ò lè gbà: da omi híhó sínú ihò pákó, rẹ gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì sínú omi gbígbóná, tẹ́ aṣọ tútù lé ojú ìránsò kó o wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kó má baà jó fómù. Sísá fómù sóòrùn dáa, á mú òórùn òógùn kúrò, àmọ́ oòrùn nìkan ò tó, torí inú lọ́hùn-ún ni ìdun máa sá lọ. O ní kí n má sọ ti Sniper ni? Mi ò ní ṣàìsọ ọ́. Oògùn oko ni Sniper, láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré ẹ̀ mọ́ nínú ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ẹ ó rí ẹni tó máa fi fọ́n fómù láàárọ̀ tí ọmọ á sùn lé e lórí lálẹ́. Má dán an wò.

*Àǹtí, ẹ ǹlẹ́ mà. Àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ láti Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ ẹ̀ àti ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó mi ti kó àwọn ṣọ́ọ̀lù àti aṣọ tí a fi ń wé ìbejì wa nígbà náà jáde látinú àpótí, wọ́n dáa bíi tuntun torí kàfúrà la fi tọ́jú wọn. Ìyá kan nílé wa ní a ò gbọ́dọ̀ fi wé ọmọ yẹn. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn ń dẹ́rù bà wá? Jẹnẹrétọ̀ wa náà, ojú fèrèsé yàrá tí wọ́n máa sùn ló wà, ṣé kò léwu?* — Bàbá Ìbejì, Agége

Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn o, òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Kóró funfun tí à ń pè ní kàfúrà yẹn, naphthalene ló máa ń wà nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní G6PD ò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n pọ̀ díẹ̀ nílẹ̀ wa, pàápàá àwọn ọmọkùnrin, ẹ ò sì lè fojú mọ̀ wọ́n. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn kàfúrà símú lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ojú àti ara ẹ̀ á pọ́n bí ọsàn, tó bá pọ̀ jù ó lè dé ọpọlọ. Òórùn yẹn kì í tètè kúrò lára aṣọ, ẹ̀yin náà ẹ rántí aṣọ òkè tí ẹ ti sá fún ọjọ́ mẹ́ta tó ṣì ń rùn lóde àríyá. Nítorí náà ẹ dá ṣọ́ọ̀lù yẹn padà sínú àpótí, ẹ ra aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì mẹ́ta, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ó ti tó.

Ẹ má sì dúró lórí aṣọ nìkan. Ẹ ṣí wọ́dúróòbù yàrá náà, ẹ fa àwọn dúrọ́à, ẹ wo inú tọ́lẹ́ẹ̀tì àti síǹkì, torí a máa ń sọ kàfúrà síbẹ̀ náà tí a ó sì gbàgbé. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ dànù ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa wọlé. Tí ojú ọmọ bá wá pọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà lọ́jọ́ náà, kì í ṣe oòrùn àárọ̀, kì í ṣe omi glúkóòsì. Ẹ jọ̀ọ́.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí tán. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín ẹ̀ ò lóòórùn, kò láwọ̀, èèyàn á kàn máa sùn lọ ni. Kó jìnnà sí gbogbo fèrèsé, tiyín àti ti ará ilé kejì, kí ẹnu èéfín ẹ̀ kọjú síta, kó má sì sí ní kọ́rídọ̀ tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Kí ẹ sì pa á kí ẹ tó sùn. Ẹ fi owó epo òru yẹn ra fáànù tó ń gba iná sára fún ìyá ọmọ, kí ẹ so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

*Àǹtí mi, self-contain ni mo ń gbé ní Yábà. Ọ̀rẹ́ mi méjì tí a jọ ṣe yunifásítì ń bọ̀ láti London fún Detty December, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa dé sí. Lánlọ́ọ̀dù wa kì í tan pọ́ǹpù kọjá aago mẹ́fà sí méje àárọ̀. Kọ́tìnì wo lẹ rò pé ó máa bá ilé aláwọ̀ funfun mu?* — Sísí Yábà

Sísí, o sọ ọ̀rọ̀ omi, o wá bi mí ní ọ̀rọ̀ kọ́tìnì! Jẹ́ ká ṣírò omi ná. Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ máa wẹ̀, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan bá gba lítà 15, lítà 90 nìyẹn. Tọ́lẹ́ẹ̀tì, ká sọ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ̀ẹ̀kan sì gba lítà 10, lítà 90 míì. Abọ́ fífọ̀ àti oúnjẹ, ká fi 40 sí i. Lítà 220 lójúmọ́, ìyẹn dúróòmù lítà 200 kan àti kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan, tí pọ́ǹpù bá ṣe ojú ẹ̀ láàárọ̀. Tí kò bá ṣe ojú ẹ̀ ńkọ́? Gba nọ́ńbà mẹ́ruwà àdúgbò yín sílẹ̀ látìsinsìnyí, má dúró di Bóxìn Dé.

Tó o bá fẹ́ ra dúróòmù, bi ẹni tó ń tà á ní ohun tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí àwọn búlúù yẹn, kẹ́míkà ni wọ́n fi kó púpọ̀ nínú wọn wọ̀lú. Èyí tó bá ṣì ń rùn lẹ́yìn tí o fọ̀ ọ́, dá a padà. Ra èyí tó ní ìdérí, kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Kó o sì gbé e síbi tó máa wà kó o tó pọnmi sí i o, torí omi lítà kan, kílò kan ni, dúróòmù tó bá ti kún wúwo tó èèyàn mẹ́ta, o ò ní lè sún un mọ́.

Àwọn ọmọ London yẹn á gbé àpótí wá, kílò 23 kílò 23. Ẹ tú ẹ̀bùn tó wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, kí ẹ ki àpótí kékeré sínú ńlá. Kọ́tìnì? Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fọ̀ ọ́.

*Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo wà, ọmọ-ọmọ mẹ́rìnlá ló ń bọ̀ wá bá mi ṣọdún. Lọ́dún tó kọjá, ẹran ewúrẹ́ àti tọ̀lótọ̀ló mi bàjẹ́ nínú firísà, iná lọ fún ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ wọ̀nyí ò sì yé ṣí i. Báwo ni kí n ṣe tò ó lọ́tẹ̀ yìí?* — Ìyá Àgbà, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú ọdún mà, ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé. Mo ti rí ẹjọ́ yìí: NEPA jẹ̀bi, àwọn ọmọ náà jẹ̀bi. Omi tútù ni wọ́n ń wá nínú firísà, nítorí náà ẹ gbé omi mímu kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ẹ gbé kúlà kan sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ẹ da yìnyín àti píọ̀ wọ́tà sí i láràárọ̀, ẹ ní ibẹ̀ ni tiwọn, kí ẹ wá ti firísà ní kọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní etí ìró yín.

Ẹran náà, ẹ má kó o sínú láìlà bí alápatà ṣe gé e fún yín. Èyí tó bá tó ìkòkò ọbẹ̀ kan, nílọ́ọ̀nù kan. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kó tó di yìnyín, kó lè to lórí ara wọn bí ìwé, ẹ lẹ bébà mọ́ ọn pé "ewúrẹ́, ọbẹ̀ ọjọ́ Kérésì", "tọ̀lótọ̀ló, ọjọ́ ọdún tuntun", èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ sè kó wà lókè. Báyìí, ẹ ò ní máa wú gbogbo firísà kí ẹ tó rí itan ewúrẹ́ kan ṣoṣo. Ọbẹ̀ tó bá ṣì gbóná, ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké kó tètè tutù kí ẹ tó gbé e wọlé, ìkòkò gbígbóná á yọ́ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé firísà tó kún ló ń pẹ́ kó tó yọ́. Tó bá kún dẹ́nu tí ẹnikẹ́ni ò ṣí i, ó lè mú òtútù dúró fún nǹkan bí wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná lọ, tó bá jẹ́ ìdajì ló kún, nǹkan bí 24. Nítorí náà gbogbo àyè tó bá ṣófo, ẹ fi píọ̀ wọ́tà tí ẹnikẹ́ni ò ní mu dí i. Kí ẹ wá fi omi sínú kọ́ọ̀pù kan kó di yìnyín, kí ẹ gbé òkúta kékeré kan lé e lórí (kọ́bọ̀ ni ǹ bá ní kí ẹ fi síbẹ̀, ta ló tún ń rí kọ́bọ̀?). Tí ẹ bá lọ sí ìsìn ìṣọ́ òru tàbí ẹ lọ kí àwọn ará Epetedó, tí ẹ bá dé tí òkúta náà ti rì sí ìdí kọ́ọ̀pù, a jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ti yọ́ kó tó tún dì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iná ò lọ. Tí òkúta ò bá tíì rì, ẹran tí yìnyín ṣì wà lára ẹ̀, ẹ gbé e kaná lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá ti rọ̀ tó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́, owó ló bá lọ o mà, ẹ má sè é fún ọmọ ọlọ́mọ.

*Mo ti palẹ̀ ẹrù mọ́ o, àpò ìdọ̀tí mẹ́sàn-án ló jáde, TV àtijọ́ kan àti fáànù tó ti kú. Ọkọ̀ ìdọ̀tí ò yọjú. Ìyàwó mi ní kí n gbé e jù sí kánààlì lóru.* — Bàbá Yàrá Kẹta, Muṣin

Ẹ má dán an wò, kánààlì yẹn náà ló máa gbé e padà wá sí yàrá kẹta nígbà òjò. TV àti fáànù, àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń ti ọmọlanke kiri á san owó fún yín. Ti àpò mẹ́sàn-án, ẹ má kó o jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ ìdọ̀tí PSP tó bá bá gbogbo ẹ̀ níta á fi àwọn kan sílẹ̀. Mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Kérésì, torí ọ̀sẹ̀ ọdún gan-an, àwọn awakọ̀ náà ń ṣọdún. Nígbà tí Ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù ṣì jẹ́ dandan, a máa ń palẹ̀ mọ́ lóṣooṣù bó wù wá bó kọ̀ wá, nígbà tí ìjọba Èkó fagi lé e ní 2016, oṣù Kejìlá nìkan ni ọ̀pọ̀ wa wá ń gbé àga kúrò lójú kan.

*Àǹtí, mọ̀lẹ́bí kan wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá. Ó ṣì wà níbẹ̀. Àlejò tuntun ti ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe?* — Ó Ti Sú Mi, Òṣòdì

Àwọn tuntun, ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń padà kí wọ́n tó wọ mọ́tò, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ ìpadà sọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Ti àtijọ́ yẹn, ṣé ẹ ní ínfátà nílé? Ẹ tẹ́ fómù ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.